Agbálẹ̀ Inú Agolo Tíì

Ẹ ò ní í gbà mí gbọ́. Mo tètè sọ ọ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà dá mi dúró láàrin ọ̀nà pé olùkọ́ tó ti fi ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì ń purọ́ fún àgbàlagbà. Tó bá jẹ́ pé èmi ni ẹ̀yin, èmi náà ò ní í gbà á. Màá kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, màá sì béèrè bóyá ẹni yìí ti mu nǹkan kó tó mú bírò. Mi ò mu nǹkan kan. Ìmàle ni mí, àfi tí ẹ bá lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn ọ̀tá mi.

Ọ̀rọ̀ ọmọlangidi ni. Ọmọlangidi oníke kan tí kò ga ju ìka àárín mi lọ, tí ẹnì kan ní Ìbàdàn fẹ́ san owó tó tó iṣẹ́ abẹ ojú lé e lórí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ni ojú tí mò ń wí. Ojú kan ṣoṣo ló kù fún un, awọ funfun sì ti ń bo òun náà díẹ̀díẹ̀. Dókítà ní kó tó di pé òjò bẹ̀rẹ̀, kí a ti ṣe é, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí a máa kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀pá rìn. Ẹ fi ojú yẹn sọ́kàn. Gbogbo ìyókù ìtàn yìí, torí rẹ̀ ni.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà tí ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe tíì oníkòkó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọmọlangidi sínú agolo. Kòkó wa ni o. Àwọn bàbá wa ní Ìkirè ló ń sá a, tí wọ́n ń kó o lọ tà ní Gbọ̀ngán, tí yóò sì rìnrìn àjò lọ síbi tí Ọlọ́run nìkan mọ̀, kó tó padà wá bá wa nínú agolo dídán pẹ̀lú owó gọbọi lórí, bí ọmọ tó lọ sí Èkó fún oṣù mẹ́ta tó dé tó ń gba imú sọ̀rọ̀. Ilé tí wọ́n bá ti ra agolo kan, ọ̀sán ọjọ́ náà ni àwọn ọmọ á ti da tíì sínú abọ́, kì í ṣe nítorí tíì. Ọmọlangidi tó wà nísàlẹ̀ ni wọ́n ń wá.

Méjìlá ni wọ́n, oníṣẹ́ sì ni gbogbo wọn. Télọ̀ wà níbẹ̀, káfíńtà wà, nọ́ọ̀sì wà, dírẹ́bà wà tó di sítíárìn mú tí kò sì ní ọkọ̀. Ìkejìlá wọn ni Agbálẹ̀. Aṣọ pupa ló wọ̀ láti ọrùn dé ẹsẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ìgbálẹ̀ mú sí àyà. Àwọn tó kùn ún, ọwọ́ wọn ò dúró sójú kan. Ọ̀dà tí wọ́n fẹ́ fi kun ìgbálẹ̀ ta sí i lára, ó ta sí i lójú, ó ta sí i lọ́rùn, gbogbo ara rẹ̀ wá rí bí ara ẹni tí nǹkan sú sí lára.

Kò sọ́mọ tó fẹ́ ẹ. Tí o bá fẹ́ gba dírẹ́bà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ, Agbálẹ̀ mẹ́ta lo máa kó sílẹ̀, á sì tún yọ ṣùtì sí ọ. Èmi nìkan ni mo fẹ́ràn rẹ̀, ìdí rẹ̀ ò sì nira: òun ni àkọ́kọ́ tí mo ní. Ẹ̀gbọ́n mi ló rí i nísàlẹ̀ agolo, ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà náà, ó sì jù ú sí mi lẹ́sẹ̀.

"Gbà, ọkọ rẹ nìyí."

"Ọkùnrin ni èmi náà!"

"Ó dáa, ọ̀gá rẹ ni. Wá gbálẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀."

Ọyẹ́ ọdún yẹn wá, ó gbé èéyi dání. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀nà Ararọ̀mí-Òwu, ó gba Wásinmi, kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì ó ti wọ àdúgbò wa. Ilé tó wà lẹ́yìn wa, ọmọ méjì ló dùbúlẹ̀ nínú yàrá kan. Ìyá arúgbó kan wà ládùúgbò náà tó ń bọ Olóde. Ẹ jọ̀ọ́, Olóde ni mo pè é, mi ò ní í pe orúkọ rẹ̀ gan-an, sáyẹ́ǹsì tí mo kà ò tíì dé ibẹ̀. Ìyá yìí wá wo àwọn ọmọ náà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó lè wọlé, ó sì rí Agbálẹ̀ nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní. Ṣé ẹ mọ̀ pé ilé tí Olóde bá wọ̀ sí, a kì í gbálẹ̀ níbẹ̀, a kì í wọ pupa níbẹ̀? Ẹ wá wo ẹni tó wọ pupa, tí ara rẹ̀ sú, tó tún di ìgbálẹ̀ mú.

"Ta ló gbé baba Olóde wọlé fún yín?"

Ìyá àwọn ọmọ náà ní, "Inú tíì ló wà, Ìyá."

Ìyá arúgbó wo agolo, ó wo àwọn ọmọ.

"Ẹ ti mu ún nìyẹn."

Mo wà lójú wíńdò nígbà tó sọ ọ́. Títí di òní yìí, mi ò lè mu tíì kí n má wo ìsàlẹ̀ ife.

Kó tó di àárọ̀ ọjọ́ kejì, gbogbo ìyá Ìkirè ló ti gbọ́. Wọ́n gbé igbá láti ojúlé dé ojúlé, wọ́n ń gba Agbálẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ, àwọn ọmọ ń ké. Màmá mi wà lára àwọn tó gbé igbá, obìnrin tí kò jẹ́ kí ìrun kan ṣoṣo fo òun rí. Nígbà tí bàbá mi yọ ọ́ lẹ́nu pé ẹ̀sìn wo lèyí, ó ní, "Tí ọmọ bá yè, a ó jọ bi àlùfáà." Ìyá arúgbó sì ti fi òfin lé e: gbogbo wọn ni o. Bí ẹyọ kan bá ṣẹ́kù sí ilé kan, á padà wá béèrè àwọn yòókù.

Ó kàn mí. Màmá mi na igbá sí mi. Agbálẹ̀ wà nínú ṣòkòtò mi, télọ̀ sì wà lọ́wọ́ mi. Mo pa ọwọ́ mọ́ télọ̀ dáadáa, mo ti ọwọ́ bọ inú igbá láàrin àwọn tó ti wà níbẹ̀, mo sì yọ ọ́ jáde lófìfo.

"Ṣé tìrẹ nìyẹn?"

Ẹ̀gbọ́n mi ló dáhùn kí n tó la ẹnu. "Ó ti jù ú síbẹ̀, Màmá. Ojú mi báyìí ló ṣe."

Ojú rẹ̀ báyìí. Ohun tó sọ nìyẹn.

Apá ibi tó kàn yìí, wọ́n máa ń fi rẹ́rìn-ín ní ilé wa tẹ́lẹ̀. Àwọn obìnrin Ìkirè gbé igbá wọn lọ sí igbó tó wà láàrin àwa àti Àpòmù, nítorí pé tí èèyàn bá fẹ́ da nǹkan burúkú nù, ibo ló tún dára ju ẹ̀yìnkùlé aládùúgbò lọ? Wọ́n dé inú igbó, wọ́n bá àwọn obìnrin Àpòmù níbẹ̀ pẹ̀lú igbá tiwọn. Ohun kan náà ló gbé àwọn náà wá, ohun kan náà ni wọ́n sì rò nípa wa.

"Ẹ̀yin ará Ìkirè, kí lẹ gbé?"

"Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ gbé?"

"Àwa ń lọ sóko ni."

"Oko wo lẹ ń gbé igbá bò lọ báyìí? Oko ọmọlangidi?"

Wọ́n ní àwọn àgbà obìnrin bú ara wọn kárakára, títí tí ẹnì kan fi da igbá rẹ̀ sílẹ̀ tó sá, ni gbogbo wọn bá da igbá sílẹ̀, tí kálukú gba ilé rẹ̀ lọ. Àwọn ọkùnrin ló padà lọ dáná sun ún. Màmá mi rẹ́rìn-ín ìjà yẹn fún bí ọjọ́ mẹ́jọ.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni ara ẹ̀gbọ́n mi gbóná.

Nínú ọmọ mẹ́rìnlá tó wà ní agbo ilé wa, mẹ́tàlá ló ṣe é. Èmi nìkan ni mi ò ṣe. Mo ń sáré kiri àgbàlá tí kò sẹ́ni tó gbá a, mò ń bu omi fún àwọn aláìsàn, àwọn àgbà ń fọwọ́ pa mí lórí pé Ọlọ́run fẹ́ràn mi. Agbálẹ̀ wà nínú ihò kan ní ògiri ẹ̀yìn yàrá wa, mo ti fi ẹrẹ̀ dí i. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi dìde, ojú òsì rẹ̀ ti funfun bí ẹyin tí wọ́n bọ̀.

Màmá mi ò rẹ́rìn-ín ìjà inú igbó mọ́. Ó ní, "Ẹnì kan fi ẹyọ kan pamọ́." Ó wá ilé, ó wá ilé aládùúgbò, kò rí i. Ó wá rántí igbá àwọn ará Àpòmù, ó ní igbá wọn ò kún tó tiwa. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ṣe jókòó sí i lọ́kàn: Àpòmù ló fi í pamọ́, Àpòmù ló gba ojú ọmọ òun. Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ. Mo jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ máa wí pé ọmọdé ni, kí ló mọ̀. Ẹ ṣeun. Mo ti fi ọ̀rọ̀ yẹn tu ara mi nínú fún ọdún pípẹ́. Ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe ọmọdé mọ́ nígbà tí ọmọkùnrin kan láti Àpòmù wá fẹ́ ẹ̀gbọ́n mi. Ó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lẹ́bàá títì. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó láwàdà, ó sì máa ń fún agogo kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta tó bá dé ẹnu ọ̀nà wa, kíríń, kíríń, kíríń, ẹ̀gbọ́n mi á sì ti fi ohun tó ń ṣe sílẹ̀. Àwọn kan bi í bóyá ó rí i pé ojú kan ni ìyàwó tó ń wá ní. Ó ní, "Ojú kan tó ń wò mí dáadáa ti tó mi. Mo mọ àwọn tó ní ọkọ, tí ojú méjèèjì ń wo ibòmíì."

Ó kúnlẹ̀ níwájú Màmá mi ní pálọ̀ wa. Màmá mi ní kò séwu, ọmọ dáadáa ni, ṣùgbọ́n òun ò lè fi ọmọ òun fún ìlú tó gba ojú rẹ̀.

"Màmá, ẹ forí jì wá. Kí la gbà?"

"Ẹ̀yin lẹ fi ẹyọ kan pamọ́. Lọ bi ìyá rẹ."

Mo wà níbẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí, mo ti wà ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, wọ́n tiẹ̀ ti kọ́ mi nípa àrùn àti ohun tó ń fà á. Òdìkejì ògiri tí mo fẹ̀yìn tì gan-an ni ihò náà wà. Ọ̀rọ̀ dé ẹnu mi, mo sì fi omi tútù gbé e mì. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀, ó lọ. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ awakọ̀ kan ní Gbọ̀ngán, ó bímọ mẹ́ta fún un, ọkùnrin náà kú, ó sì padà sílé bàbá wa wá máa dín dòdò tà. Màmá mi kú láì yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Nígbà tí a fẹ́ fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ògiri ẹ̀yìn yàrá, èmi ni mo kọ́kọ́ wọlé, mo yọ ọ̀gá mi kúrò nínú ihò, mo fi í sínú páálí ṣọ́ọ̀kì.

Ìgbà yẹn ni mo rò pé ìtàn náà parí.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọyẹ́ tó kọjá yìí, mo jókòó sí yàrá àwọn olùkọ́ ní Àpòmù níbi tí mo ti ń kọ́ni, mò ń wo fóònù mi nígbà tó yẹ kí n máa máàkì ìwé. Mo rí àwòrán ọmọlangidi mọ́kànlá lórí fésíbúùkù, wọ́n tò wọ́n sí orí aṣọ dúdú, télọ̀, káfíńtà, nọ́ọ̀sì, dírẹ́bà aláìlọ́kọ̀. Àyè kan ṣófo nípẹ̀kun. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ẹni tó bá ní ìkejìlá kó pe nọ́ńbà yìí. Mo pe nọ́ńbà náà.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló gbé e ní Ìbàdàn, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ra nǹkan àtijọ́ fún àwọn tó ń kó wọn jọ. Mo ṣàpèjúwe ohun tó wà lọ́wọ́ mi fún un.

"Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọ̀ ọ́. Ẹ má tún fọwọ́ kàn án mọ́."

"Ó ti lé lógójì ọdún tí mo ti ń fọwọ́ kàn án, kò bú mi rí."

Ó wá dárúkọ iye owó kan. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Mo bi í pé kí ló dé tí ike tí kò tó ìka fi máa wọ́n tó báyìí.

"Sà, dírẹ́bà yín yẹn, gbogbo ọmọ ló fẹ́ràn rẹ̀, gbogbo ilé ló fi í pamọ́, ìdí nìyẹn tó fi pọ̀ títí dòní. Ẹ lè rà á bí ẹni ra bisikíìtì. Ti Agbálẹ̀ yàtọ̀. Àwọn obìnrin ń kó agolo padà fún àwọn tó ń tà á, wọ́n ní àwọn ò fẹ́. Ilé-iṣẹ́ yẹn yọ ọ́ kúrò kíákíá, wọ́n fi bíríkìlà dípò rẹ̀. Èyí tó sì ti jáde, àwọn èèyàn sun ún. Ohun tí ayé bá fẹ́ràn kì í wọ́n, sà. Ohun tí wọ́n bá bẹ̀rù tí wọ́n pa run, tí ẹyọ kan wá bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, òun ló ń wọ́n."

"Ẹyọ mélòó lẹ ti rí?"

"Ẹyọ kan, yàtọ̀ sí tiyín. Ẹni tó ni ín yára tà á. Kò tiẹ̀ ná an." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ó kàn ní kí n tètè wá gbé e."

Mo délé lọ́jọ́ náà, mo sì yọ páálí ṣọ́ọ̀kì jáde láti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ojú rẹ̀ ò yí padà, àwọn ẹ̀kán ọ̀dà yẹn ṣì wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wà ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń wá ìkòkò dòdò tó wà níwájú rẹ̀ gan-an, ó ń fọwọ́ tá ilẹ̀. Mo ya fọ́tò ọmọlangidi náà, mo fi ránṣẹ́. Mo ní lọ́kàn ara mi, ṣé ẹ rí i, ohun tó gba ojú kan á ra ìkejì padà. Ó dùn mọ́ mi létí. Mo tiẹ̀ súfèé.

Ọjọ́ kẹta, ara ọmọ-ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbóná.

Ọmọ ọdún méjì ni, ọ̀dọ̀ wa ni ìyá rẹ̀ tó wà ní Èkó fi í sí. Mo gbé e lọ sí ọsibítù. Nọ́ọ̀sì gbé aṣọ rẹ̀ sókè, ó wo àyà rẹ̀, ó wo káàdì rẹ̀, ó mí kanlẹ̀.

"Èéyi ni. Abẹ́rẹ́ àjẹsára tó yẹ kó gbà, kò gbà á." Ó tún wo èmi tí ọmọ náà ń wúkọ́ sí lọ́rùn. "Ẹ̀yin ńkọ́, sà, ẹ ti ṣe é rí?"

"Nígbà tiwa? Ta ni kò ṣe é?"

Ẹ rí i, irọ́ ti mọ́ mi lára débi pé mo ń pa á fún ẹni tó fẹ́ ràn mí lọ́wọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ò bi ẹnikẹ́ni. Ó kó ìgbálẹ̀ gbogbo ilé sẹ́yìn àká, ó pa iná dòdò, ó kó gbogbo aṣọ pupa rẹ̀ sínú àpótí. Eruku ọyẹ́ bo ilé wa, ewé gbígbẹ wọ pálọ̀, kò sẹ́ni tó gbá a. Ẹ bi èmi olùkọ́ sáyẹ́ǹsì bóyá mo gbá a. Mo ń gbé ẹsẹ̀ sókè kọjá lórí ewé bí àgbébọ̀ adìyẹ, mo sì pa ẹnu mi mọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gbé ọmọ náà sórí ẹsẹ̀, ó ń fi aṣọ tútù nù ún. Kò wò mí nígbà tó sọ̀rọ̀.

"Ẹni tó fi í pamọ́ ní Àpòmù níjọ́sí, mo ti dárí jì í lórí ojú mi. Mo ti dárí jì í lórí ohun gbogbo. Ṣùgbọ́n tó bá gba nǹkan kan lára ọmọ yìí, èmi àti ẹ̀ á pàdé."

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n mi, kòkòrò ló ń fa èéyi."

"Kòkòrò náà mọ ilé ẹni."

Mo mú páálí ṣọ́ọ̀kì, mo lọ sí igbó àárín ìlú méjèèjì. Mo fẹ́ sọ ọ́ nù, kí n gbà pé owó náà ti lọ. Ṣùgbọ́n igbó kò sí níbẹ̀ mọ́. Ilé ló wà níbẹ̀, àti ibi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò, àti ọgbà iléèwé jẹ́léósinmi kan tí àwọn ọmọ kéékèèké ti ń kọrin. Mo dúró níwájú ọgbà náà pẹ̀lú páálí lábẹ́ apá. Níbo ni màá jù ú sí? Mo gbé e padà wálé.

Ọmọ náà yè, ojú rẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀. Mo ní ẹ ṣé Ọlọ́run, ó ti tán. Ikọ́ díẹ̀ ń ṣe mí nígbà yẹn, imú mi ń dà, ojú ń ta mí, mo sì di ẹ̀bi rẹ̀ ru ọyẹ́ àti ṣọ́ọ̀kì. Oníṣòwò nǹkan àtijọ́ pè pé òun ti wà lọ́nà láti Ìbàdàn. A fi ẹnu kò sí Àpòmù, nítorí mi ò fẹ́ kó dé ilé wa. Ó dé Àpòmù tán, táyà rẹ̀ jò. Ó pè mí pé òun wà ní ìsọ̀ ẹni tó ń lẹ táyà lẹ́bàá títì.

Ẹ̀yin ti mọ ẹni tó ń lẹ táyà. Èmi náà mọ̀ ọ́n kí n tó sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà. Ó ti gbẹ díẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, kẹ̀kẹ́ àtijọ́ yẹn ṣì fara ti ògiri ìsọ̀ rẹ̀. Mi ò lè yí padà. Oníbàárà mi ti rí mi, ó ń juwọ́. Ó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ó gba Agbálẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó gbé e sórí aṣọ funfun lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀, ó ń yí i bí ẹni yí ẹyin. Ẹni tó ń lẹ táyà gbé orí sókè. Ó wò ó.

"Tíṣà, kí lo tà fún un?"

"Nǹkan ìṣeré ni."

"Mo rí i." Ó tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ti ẹnu ẹ̀rọ atẹ́gùn bọ táyà. "Èyí tí àwa ará Àpòmù fi pamọ́ nìyẹn, àbí?"

Ẹ̀rọ atẹ́gùn ń hó.

"Mo bi ìyá mi nígbà náà o. Mo fi ìbéèrè dà á láàmú títí tó fi sunkún. Ó fi Kùránì búra fún mi, mi ò gbà á gbọ́." Ó yọ ẹ̀rọ náà. "Ẹ̀gbọ́n rẹ ńkọ́?"

"Ó wà dáadáa."

"Ojú rẹ̀?"

"A fẹ́ ṣe é. Ìdí tí mo fi..." Mo fi ọwọ́ tọ́ka sí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

"Ó dáa." Ó nu ọwọ́ rẹ̀. "Fún mi ní nọ́ńbà rẹ̀. Ojú tìrẹ gan-an pupa, lọ sinmi."

Mo ka nọ́ńbà fún un, ó ń tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo yí èyí tó kẹ́yìn padà. Ẹ má bi mí léèrè ìdí. Mo ti sọ fún yín pé ó ti mọ́ mi lára.

Owó wọ àkáǹtì mi kí oníbàárà náà tó kúrò. Mo délé, mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àwa olùkọ́ ti yá mi lówó, ọjọ́ Ajé a máa lọ sí Ìbàdàn. Ó kúnlẹ̀ fún mi, èmi àbúrò rẹ̀. Ó gbàdúrà fún mi títí tí ìrun Ìṣáì fi tó. Ó ní nígbà tí ara ọmọ ti dá, òun á gbálẹ̀ lọ́la, òun á wé gèlè pupa òun, ilé á tún dà bí ilé. Mo wọlé sùn pẹ̀lú orí fífọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, agogo kan ló jí mi. Kíríń, kíríń, kíríń. Mo fẹ́ dìde, ara mi kọ̀, ìmọ́lẹ̀ ojú wíńdò gún mi lójú bí abẹ́rẹ́. Mo gbọ́ ìró ìgbálẹ̀ ní pálọ̀, ó ń bọ̀, ó dé yàrá mi. Ẹ̀gbọ́n mi wọlé pẹ̀lú gèlè pupa lórí, ó ń gbálẹ̀ bọ̀ lọ́dọ̀ mi.

"Dìde, ẹnì kan ń fún agogo níta. Ó jọ..." Kò parí rẹ̀. "Dìde, bá mi wò ó, ojú mi ò gbé e."

Ó tẹ̀ síwájú, ó na ọwọ́ kó fi gbọ̀n mí, ọwọ́ rẹ̀ bọ́ sí mi lójú. Ó dúró níbẹ̀. Àwọn ìka rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ní iwájú orí mi, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, wọ́n dé ọrùn, díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí afọ́jú ń ka nǹkan. Mo mọ ohun tí wọ́n ń kà. Mo ti rí i lápá mi bó ṣe sú, èmi kan ṣoṣo tí kò ṣe é nínú ọmọ mẹ́rìnlá.

Ó yọ ọwọ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó rọra gbé ìgbálẹ̀ lé ilẹ̀, kò jẹ́ kó dún. Ó tú gèlè pupa náà, ó ká a, ó fi sẹ́yìn rẹ̀. Agogo tún dún níta, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Kò yíjú síbẹ̀.

"Owó ojú mi," ó ní, "níbo lo ti rí i?"